Wọ́n Ní Kí N Jẹ́ Kí Èpò Náà Dàgbà

Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí á kọ́kọ́ dá orin, ìjọ á gbè é, á sì na ọwọ́ méjèèjì sókè kó tó sọ̀rọ̀. Èmi ò ní orin. Ọwọ́ òsì mi pàápàá kò ṣeé nà sókè bó ṣe yẹ mọ́. Ìbínú ni mo ní, mo sì fẹ́ lò ó fún ìwọ obìnrin tó o fọwọ́ kan kókó lọ́mú rẹ tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Jọ̀wọ́, ka èyí dé ìparí kó o tó lọ bá àwọn tó máa gbàdúrà fún ọ.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n máa darí kíláàsì Bíbélì àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn òwe Jésù ni mo mọ̀ jù. Àwọn wúńdíá mẹ́wàá, ọlọ́gbà àjàrà, ọ̀gá tó pín tálẹ́ńtì, igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so, kò sí èyí tí n kò lè sọ láìṣí ìwé. Fi èyí sọ́kàn, torí òwe ni wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kan kókó náà. Ó kéré, ó le bíi hóró àgbàdo, abẹ́ ọmú òsì ló wà. Kò dùn mí rárá, ohun tó sì tàn mí jẹ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí kò bá duni, a kì í kà á sí àìsàn. Mo ń wẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ wò, mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rá lásán ni, títí mo fi rí i lójú dígí pé orí ọmú náà ti fẹ́ máa wọnú. Mo wọṣọ, mo sì gba ilé Àlàájà lọ.

Àlàájà ni ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ orí wa dọ́gba, ẹgbẹ́ règbérègbé kan náà la wà, àdúgbò kan náà la sì ń gbé. Aṣọ ló ń tà. Mùsùlùmí ni, èmi jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, a sì ti ń bára wa ṣe ọdún láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní kékeré. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ní kí n fi hàn òun, ó fọwọ́ kàn án, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀la là ń lọ sí ọsibítù."

"Ọ̀la ni ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí ìpàdé máa lọ. Ìpàdé ló bí ẹ ni?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti dé ọsibítù ìjọba, síbẹ̀ gbogbo bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn kan ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, àwọn mìíràn gbé ìrọ̀rí lọ́wọ́ bí ẹni tó wá sùn. O máa tò gba káàdì, o máa tò kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ, o máa wá tò de dókítà. A béèrè títí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá ò tíì dé." Nígbà tó yá, ó ní ọ̀gá ti dé, ṣùgbọ́n wọ́n wà ní mítíǹgì. Ọ̀sán pọ́n, ó ní ọ̀gá ti jáde, ká máa bọ̀ lọ́la. Àlàájà bú gbogbo wọn pátá, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti kọ́kọ́ ta sí mi lọ́kàn. Nínú àwọn òwe tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀gá kì í sí nílé. Ó gbin ọgbà àjàrà tán, ó rin ìrìn àjò. Ó pín tálẹ́ńtì tán, ó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọkọ ìyàwó pẹ́ lọ́nà títí àwọn wúńdíá fi sùn lọ. Tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, tí òòrùn ń pa àwọn tó wà lóko, o kò ní rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dájọ́ nìkan ló máa ń dé, ilẹ̀kùn á sì tì. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ìyẹn rí, mo sì fi ṣe ìdánwò fún wọn, kò sì bí mi nínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ yẹn, ó bí mi nínú.

A padà lọ, a sì tún padà lọ, títí a fi rí dókítà. Obìnrin ni, kò dàgbà ju Tọ́lá ọmọ mi lọ. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ẹ̀rọ bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe, àbájáde sì dé. Ó mú àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi kó tó sọ ọ́.

"Màmá, jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tètè wá. Kò tíì dé abíyá. Tí a bá tètè ṣe é báyìí, kókó yẹn àti ẹran díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ la máa yọ. Ọmú yín á wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà á sì wà."

Àlàájà ní, "Alihamudulilai. Dókítà, ọjọ́ wo?" Ó dá ọjọ́ fún wa, kò jìnnà rárá. Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, n kò ní máa kọ èyí.

Lọ́dún yẹn, èmi ni wọ́n yàn ní Ìyá Ìkórè. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, Ìyá Ìkórè ló ń gbé agbọ̀n èso rù lọ síwájú pẹpẹ, ẹbí á tò tẹ̀ lé e, ìjọ á sì tò tẹ̀ lé ẹbí. Wọ́n ti kéde orúkọ mi lórí àga ìwàásù. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní Ayépé ti gbọ́, wọ́n sì ti ń fi yangàn. Wọn kì í yan ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Bí ọkọ mi ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ilé kún. Ìyá Ayépé là ń pè wọ́n. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó, níbo ni wọ́n ti ń gbé Ìyá Ìkórè lọ sí ibi tí wọ́n á ti gé e lọ́mú? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa l'Ayépé, bí ọ̀bẹ ṣe kàn án báyìí ni nǹkan náà bínú. Kò pẹ́ tó fi kú."

"Ìyá, ṣé kì í ṣe ìgbà tó ti pẹ́ ni wọ́n tó gbé e lọ?"

"Èmi lò ń bá jiyàn? Délé, ṣé o ń gbọ́ ìyàwó rẹ?"

Délé ni ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáhùn ni Wọ́dìn ìjọ wa, tí Ìyá Ayépé ti ránṣẹ́ pè. Ó ti ṣe ọ̀gá ní báǹkì rí, ohùn rẹ̀ dùn, gbogbo ìjọ ló sì gbà pé Ọlọ́run ń bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àgbà ni, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n". Lójúkojú mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé yìí, n kò ní í ṣe é.

Ó ṣí Bíbélì, bẹ́ẹ̀ ni kò wò ó. "Ìyá Ìkórè, ẹ rántí òwe tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́ wa. Ọ̀tá wá gbin èpò sáàárín àlìkámà. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ fẹ́ fà á tu. Kí ni baálé ilé wí fún wọn? Ó ní rárá o, tí ẹ bá ń fa èpò, ẹ ó fa àlìkámà mọ́ ọn. Ó ní kí méjèèjì jọ máa dàgbà títí di ìkórè. Èpò ni kókó yẹn. Àlìkámà ni ẹ̀mí yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á tu. Ẹ jẹ́ kó dé ìkórè, Olúwa oko fúnra rẹ̀ á yọ ọ́."

Ìyá Ayépé ní, "Àmín!"

Mo ní, "Ẹ̀yin Wọ́dìn, kì í ṣe ọmú ni Jésù ń sọ níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, ìwé lẹ mọ̀. Ìfihàn ló wà lọ́wọ́ tèmi."

Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọsibítù ni ìyá rẹ̀ kú sí, kò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Ó ní, "Màmá Tọ́lá, kí ló kù sí ìkórè? Jẹ́ ká ṣe é tán ná, ká tó lọ."

Tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá jókòó yí ọ ká, tí wọ́n ń sọ ohun kan náà, ohùn tìrẹ á dà bí ohùn ọlọ̀tẹ̀ létí ara rẹ. Bí wọ́n ṣe mú mi nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, ilé ni mo wà. Dókítà pè mí lórí fóònù, ọkọ mi ló gbé e, ó ní mo rin ìrìn àjò.

Àlàájà wá, ó bá wọn jà ní pálọ̀. Wọ́n ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àwọn, torí kì í ṣe ara wọn. Ó bínú lọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ó ti ń pè mí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń bi mí: "Ṣé ká lọ?"

Ìyá Ayépé ń gbé àgbo wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Òróró tí Wọ́dìn gbàdúrà sí ni mo ń fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo gbààwẹ̀ títí aṣọ fi ń bọ́ lára mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, kókó náà sì ń dàgbà. Ó kúrò ní hóró àgbàdo, ó di ẹyin adìyẹ. Awọ ibẹ̀ hun jọ bí èèpo ọsàn, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ìrora tó ń gba ejìká wọ ẹ̀yìn. Tí mo bá sọ fún Wọ́dìn pé nǹkan ń burú sí i, á ní ọ̀tá ló ń ja ìjà ìkẹyìn.

Èmi náà gbàdúrà o. Má ṣe rò pé n kò gbà á. Mo kúnlẹ̀ lórí eékún tó ń dùn mí, mo pe Ọlọ́run tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́. N kò rí àlá, n kò gbọ́ ohùn, ọkàn mi ò balẹ̀ rí. Ọ̀gá ò sí nílé. Àwọn tó ní ọ̀gá fi ilé síkàáwọ́ àwọn ni wọ́n kún pálọ̀ mi, wọ́n ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, wọ́n ń sọ ohun tí ọ̀gá wí.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n gbé agbọ̀n lé mi lórí: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn. Mo gbé ọwọ́ òsì sókè láti dì í mú, ìrora náà sì gún mi débi pé ojú mi ṣú. Orin ń lọ, ìlù ń lọ, ìjọ ń jó lẹ́yìn mi. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí mo fi mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń ṣàn lábẹ́ aṣọ mi. Àlàájà wà lórí ìjókòó àwọn àlejò, ó rí i bí aṣọ mi ṣe ń tutù. Ó là wọ́n kọjá, ó gbé agbọ̀n kúrò lórí mi lójú gbogbo ìjọ, ó sì gbé e lé Ìyá Ayépé lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, ẹ máa gbé e lọ. Ọmú ọ̀rẹ́ mi ti bẹ́."

Wọ́dìn sáré wá. "Àlàájà, ẹ dúró ná, kí wọ́n gbàdúrà ìbùkún lé wọn lórí."

"Ẹ máa gbà á. Tí ẹ bá gbà á tán, ẹ wá bá wa lọ́sibítù."

Nígbà tí dókítà ṣí ọmú náà wò, kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, "Níbo lẹ wà láti ìgbà yẹn, Màmá?"

Kí ni mo fẹ́ wí? Pé mo ń dúró de olóko?

Ó ti dé abíyá. Wọ́n ní láti fún mi ní oògùn kí kókó náà súnkì ná, kí wọ́n tó lè gé e, nígbà tí wọ́n sì gé e, gbogbo ọmú ni wọ́n gé. Kímò là ń pe oògùn yẹn, iṣan ni wọ́n ń fà á sí. Irun mi já, èékánná mi dúdú, òórùn gààrí tí mo fi ń ṣayọ̀ tẹ́lẹ̀ sì ń mú mi bì. Ọkọ mi ta ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìbẹ̀fun, kò sì bá mi sọ ọ́. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń gbé ike èébì. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní kí n dárí ji òun. Mo sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Tèmi àti tirẹ̀ ti parí.

Ti àwọn yòókù kò parí, ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni kò sì jẹ́ kó parí. Mo rò pé ojú á tì wọ́n. Ìdájọ́ ni wọ́n gbé wá. Ìyá Ayépé jókòó lórí àga ọsibítù, wọ́n ní, "Ìyàwó, yẹ ara rẹ wò. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀ tí Ọlọ́run fi gbójú kúrò lára rẹ?" Wọ́dìn wá tiẹ̀, ó mú òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá lọ́wọ́. Ó ní òróró ìgbàgbọ́ ló tán nínú fìtílà mi, mo jẹ́ kí iyèméjì wọlé, ìdí nìyẹn tí olóko kò fi yọ èpò náà.

Mo gbọ́ ọ tán lórí ibùsùn yẹn. Lẹ́yìn tó lọ, mo ní kí Àlàájà bá mi mú Bíbélì mi wá láti ilé, mo sì ṣí ibi òwe èpò yẹn, mo ń kà á pẹ̀lú ike èébì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Jésù túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ o! Oko náà ni ayé. Èpò àti àlìkámà, ènìyàn ni. Ohun tí baálé ilé sọ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni pé kí wọ́n má fa ènìyàn tu, kí wọ́n má dájọ́ ẹnikẹ́ni kí ìkórè tó dé, torí ojú wọn ò lè mọ èyí tó jẹ́ èpò. Ohun kan ṣoṣo tó kà léèwọ̀ fún wọn nìyẹn. Wọ́dìn àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi kókó sílẹ̀, èmi ni wọ́n fà tu. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Mo pa Bíbélì náà dé, mo sì kígbe débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

Nígbà tí irun mi hù padà, Wọ́dìn tún wá. Ó ní ó yẹ kí n wá jẹ́rìí, kí ìjọ mọ̀ pé àdúrà ìkórè ló gbà mí là. Mo ní mo gbọ́. Ọkọ mi wò mí, ó mọ̀ mí, ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, wọ́n pè mí, mo jáde síwájú. Wọ́n ń retí orin. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, dókítà ní kí n jẹ́ kí wọ́n yọ kókó kan tó dà bí hóró àgbàdo. Wọ́dìn wa tó jókòó níbẹ̀ yẹn ní kí n jẹ́ kó dàgbà. Ó dàgbà." Mo fi ọwọ́ tẹ àyà òsì mi, aṣọ sì lẹ̀ mọ́ egungun. Ẹni tó ń tẹ dùùrù sáré bẹ̀rẹ̀ orin kan kó lè bo ohùn mi. Mo dúró kó tẹ̀ ẹ́ tán. Mo wá ní, "Obìnrin tí wọ́n bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún níbí, kó wá bá mi níta."

Sọlá ló wá. Ẹgbẹ́ akọrin ló wà, kò tíì pẹ́ tó ṣègbéyàwó. Ó dúró tì mí lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì bọ́ aṣọ akọrin lọ́rùn. "Mọ̀mí," ló wí, ó sì mú ọwọ́ mi, ó gbé e sí ọmú rẹ̀. Ó kéré, ó le. "Wọ́dìn ní kí n jẹ́ kó dé ìkórè."

Mo pe Àlàájà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀gá ò tíì dé. Àlàájà ní kò burú, àwa ti dé ní tiwa. Wọ́n yọ kókó Sọlá kó tó dàgbà. Ọmú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti padà sí ẹgbẹ́ akọrin.

Ní tèmi, ọwọ́ òsì mi máa ń wú tí mo bá fi gbé nǹkan. Mo ṣì ń lo oògùn, mo ṣì ń lọ kí wọ́n yẹ̀ mí wò, ẹ̀rù sì máa ń bà mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń dúró de àbájáde. Títí di òní, wọn ò tíì rí i pé ó padà. Wọ́n gba kíláàsì Bíbélì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Àwọn ìyá kan ń wá sílé mi dípò rẹ̀. Ìwọ tó ò ń ka èyí, ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kì í ṣe nǹkan kan. Gbàdúrà tó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n orí ìlà ọsibítù ni kó o ti gbà á. Tó ò bá ní ẹni tó máa bá ọ lọ, wá mi wá. Màá bá ọ jókòó.

Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bi mí pé kí ni mò ń wá níbẹ̀. Mò ń dúró ni. Gbogbo òwe yẹn ló ní ọ̀gá ń bọ̀, pé yóò jókòó, yóò sì bi olúkúlùkù léèrè ohun tó ṣe lẹ́yìn òun. Kó máa bọ̀. Mo ní èsì. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu bi mí ní ohunkóhun, èmi ni màá kọ́kọ́ wò ó lójú bí dókítà ṣe wò mí, màá sì bi í pé: Níbo lo wà láti ìgbà yẹn, Olúwa?